Ọkọ̀ Arúgbó Tí Ó Sọ Mí Di Mẹkáníìkì

Etí ni mo fi kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, kì í ṣe ọwọ́. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ rò pé agbára apá nìkan ni iṣẹ́ tó ní gíríìsì nínú ń fẹ́. Rárá o. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kí wọ́n tó gbé sípánà lé mi lọ́wọ́.

Làsísì ni orúkọ mi. Abúlé kan lẹ́yìn Lalupon ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn, wọ́n sì ní kòkó díẹ̀. Ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn àbúrò mi wọ aṣọ kákí tuntun lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n èmi ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń ní kí ó gbé ọwọ́ kọjá orí kí ó fi kan etí. Inú mi bàjẹ́. Bàbá mi rí i. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú mi lọ sí Olódò, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Jékọ́bù.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Ọ̀gá Jékọ́bù. Ìmàle ni wá ní tiwa. Bàbá mi ṣàlàyé èyí kí ó má baà di ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀gá Jékọ́bù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Làsísì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò mọ mọ́ṣáláṣí, kò sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ni ó ń dáhùn fún. Bí àkókò ìrun bá tó, ọmọ yín á lọ kírun. Ṣùgbọ́n bí ó bá purọ́ fún mi, ilé ni ó ń lọ."

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá títì Ìwó ni ibi iṣẹ́ wa wà. Láràárọ̀, ọ̀gá mi á ní kí n jókòó kí n kẹ̀yìn sí títì. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á bi mí léèrè.

"Èyí tó ń bọ̀ yẹn, kí ló ń ṣe é?"

"Ọkọ̀ akẹ́rù ni, Ọ̀gá."

"Ṣé mo bi ọ́ pé kí ni? Mo ní kí ló ń ṣe é?"

Níbẹ̀rẹ̀, ariwo lásán ni mo ń gbọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọkọ̀ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́, nítorí ó máa ń tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Mo mọ èyí tí omi ti tán nínú rẹ̀, mo mọ èyí tí awakọ̀ rẹ̀ kò fi epo sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ọ̀gá mi kò yìn mí. Wọ́n kàn sọ sípánà kan sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ó yá, dìde."

Wọ́n le. N kò ní í fi bò. Wọ́n ní aṣọ funfun kan tí wọ́n gé lára aṣọ àdúrà wọn tó ti gbó. Gbogbo bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí a bá tú lára ọkọ̀, orí aṣọ yẹn ni a ń tò ó sí ní ẹsẹẹsẹ bí a ṣe tú u. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí aṣọ yóò fi ṣófo, tí a ó sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ kan, mo to kabúrétọ̀ pọ̀, mo rò pé mo gbìyànjú. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n tú u palẹ̀. Mo tò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, mo sì búra nínú mi pé n kò ní í padà wá lọ́la. Mo padà wá. Ibo ni mo fẹ́ gbà lọ? Lónìí, bí mo bá rántí, ọpẹ́ ni mò ń dá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ kò ní í fara balẹ̀ tú iṣẹ́ rẹ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọdún kẹta mi ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dé. Agbẹ̀bí tí ìjọba gbé wá sí ilé ìgbẹ̀bí Lalupon ni ó ni ín. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Àwọ̀ wọn dúdú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́, àwọn ọkùnrin náà á dúró gbọ́. Wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀. Nọ́ńbà tí ń ka máìlì nínú ọkọ̀ náà ti ka títí ó fi yí padà sí òfo, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ilẹ̀kùn kan kò ṣeé ṣí láti ìta. Bí òjò bá rọ̀, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn á gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ọ̀gá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ta ni ó ní kí ẹ ra èyí?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Àwọn aboyún ọ̀nà oko ni. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ bá wọn tẹ́lẹ̀. Kí n tó dé, nǹkan á ti bàjẹ́. Èyí ni agbára mi ká, Ọ̀gá. Ṣé ẹ lè bá mi mú un rìn?"

Ọ̀gá mi kò tún ṣe àwàdà mọ́. Wọ́n ní, "Yóò rìn."

Ó rìn. Àwọn ará Lalupon sọ ọ́ ní Arúgbó-Ń-Sáré. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn obìnrin tí ń yan gàrí á dìde, wọ́n á máa juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í dé abẹ́ igi máńgòrò wa. Lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Ọkọ̀ tuntun kì í kọ́ èèyàn níṣẹ́, ó kàn ń rìn lọ ni. Ọkọ̀ tó ti gbó ni yóò kọ́ ọ pé bí táǹkì epo bá ń jò lọ́nà oko, ọṣẹ tí o bá pò tó le dáadáa lè dí i títí o ó fi délé. Òun ni yóò kọ́ ọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ lè bá ọ rọ irin tí kò sí ní ọjà mọ́, bí o bá lè júwe rẹ̀ fún un. Ìyá Nọ́ọ̀sì alára máa ń jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa wò mí, wọ́n á bi mí léèrè ohun tí èyí wà fún, ohun tí tọ̀hún wà fún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fọ púlọ́ọ̀gì fúnra wọn.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira orílẹ̀-èdè wa, èmi náà gba òmìnira tèmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n sì gé aṣọ funfun tèmi fún mi; bàbá mi pe àwọn ààfáà, wọ́n ṣe tiwọn náà. Mo ṣì ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ kí n tó rí ibi tèmi. Orí mi wú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó wú púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo gba òmìnira, ọ̀gá mi lọ sí Ìbàdàn lọ wá irin ọkọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé Arúgbó-Ń-Sáré wá, wọ́n ní sítíárì rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú irin tó so sítíárì mọ́ táyà iwájú, mo fi gíríìsì sí i, mo dá a padà, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Ó ku píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí abẹ́rẹ́ tí a ń ki bọ inú ihò nọ́ọ̀tì náà kí ó má baà tú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tí mo ti fẹ́ na ọwọ́ sí i lórí aṣọ funfun mi ni awakọ̀ akẹ́rù kan ti dúró, kòkó kún ọkọ̀ rẹ̀.

Ó pariwo pé, "Ẹnjiníà! Ẹnjiníà Olódò! Jọ̀ọ́, wá gbà mí, ìwọ nìkan ni wọ́n ní kí n wá bá!"

Ẹnjiníà. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde. Mo ká aṣọ funfun mi, n kò gbọ̀n ọ́n. Mo sọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì pé, "Ó ti parí, mà. Ẹ máa lọ." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan ń rọbí ní abúlé kan lẹ́yìn Lalupon, ọmọ kò sì wá. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀, ó di ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Ibi tí ọ̀nà ti yí sí ọwọ́ òsì ní ìdí odò kan, sítíárì ń yí, táyà kò yí. Ọkọ̀ ya wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì lọ forí sọ kùkùté igi. Apá ọ̀tún Ìyá Nọ́ọ̀sì kán. Iwájú orí ọkọ obìnrin náà là. Ibẹ̀ náà sì ni ìrọbí obìnrin náà ti le, ọmọ fẹ́ jáde.

Ọlọ́run ló ṣe é, Ìyá Ajíkẹ́ wà nítòsí tí wọ́n ń já ewé. Arúgbó ni Ìyá Ajíkẹ́, àwọn ni wọ́n ń gbẹ̀bí ní Lalupon kí ilé ìgbẹ̀bí tó dé. Wọ́n sáré jáde látinú igbó. Ẹnu ni Ìyá Nọ́ọ̀sì fi gbẹ̀bí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Ìyá Ajíkẹ́ ló ń ṣe é. Ọmọ náà wálẹ̀ láàyè, obìnrin ni, ìyá rẹ̀ náà sì yè.

Ẹ ò rí i pé ọpẹ́ ló yẹ kí èèyàn máa dá? Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kì í sinmi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni Ìyá Ajíkẹ́ ń wá níbẹ̀ gan-an. Ta ni àwọn aboyún fi sílẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì dé? Ta ni inú rẹ̀ lè máa bí? Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti di pé arúgbó ló fi ọwọ́ ayé ti ọkọ̀ ṣubú. Wọn kò kí i mọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ní àánú arúgbó náà ló kàn ń ṣe wọ́n.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó fa Arúgbó-Ń-Sáré wá sí Olódò. Ọ̀gá mi wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n nu ọwọ́ wọn.

"Làsísì, gbé aṣọ rẹ wá."

Mo gbé e wá bí mo ṣe ká a lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n tú u. Bí mo ṣe tú u, píìnì náà jábọ́ sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Ká ní wọ́n gbá mi ni, ara ì bá tù mí. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan, Ọ̀gá."

Wọ́n mi orí. "Wọ́n ní lọ́la ni Baálẹ̀ fẹ́ pe ìyá arúgbó yẹn jáde kí ó wá búra."

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkọ̀ náà ti gbó. Bí mo bá ní ògbó ló ṣe é, ta ló máa jiyàn? Iṣẹ́ mi kò tíì pé oṣù kan. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá bá mi láyé? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ọ̀gá mi ti rí i lójú mi.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ arúgbó kò lẹ́nu tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ìyá arúgbó ní ẹnu, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Làsísì, ìwọ ló kù."

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi wọ aṣọ tó dára, a jọ wọkọ̀ lọ sí Lalupon. Èrò kún iwájú ilé Baálẹ̀. Ìyá Ajíkẹ́ jókòó sórí ẹní láàárín, wọ́n fi ìborùn bo orí. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga, wọ́n fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní kí Baálẹ̀ jọ̀wọ́ gbọ́ mi, mo sì na píìnì náà sókè.

Mo ní, "Baálẹ̀ wa, èyí ló ti ọkọ̀ ṣubú. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Ẹnì kan pè mí ní ẹnjiníà, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ìyá yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ọ̀gá mi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tàwọn ti irun funfun lórí. Wọ́n ní, "Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe é, ẹ jẹ́ kó kàn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi sunkún. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ajíkẹ́. Wọ́n ní kí n gbé irin náà wá. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Kò mà ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ! Èyí ni ẹ̀yin ará ilé mi fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé mi kúrò nílé ọkọ mi?"

Kò sí ẹni tó lè wo ojú wọn. Wọ́n dá irin náà padà fún mi, wọ́n sì ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ ló ṣe tiwọn tí wọn ò jẹ́ wá jẹ́wọ́."

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Apá mi ń dùn mí gan-an, Làsísì."

"Ẹ foríjì mí, mà."

"N kò tíì lè sọ pé mo ti foríjì ọ́. Màá sọ ọ́ bó bá yá. Lọ tún ọkọ̀ mi ṣe. Ìwọ fúnra rẹ, kì í ṣe ẹlòmíràn. Títí apá mi ó fi jiná, ìwọ ni o ó sì máa wà mí."

Bí a ṣe dé Olódò, ọ̀gá mi ní òmìnira tí wọ́n fún mi, àwọn ti gbà á padà. Ọdún kan sí i. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi fífi kẹ́rósìn fọ bóòtì. Àwọn ọmọṣẹ́ tó dé lẹ́yìn mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà á. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọdún yẹn ni mo wo ẹ̀yìn, ọdún yẹn ni mo sì di mẹkáníìkì ní tòótọ́.

Mo sì ń wa ọkọ̀ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì. Mo mọ gbogbo ọ̀nà oko agbègbè Lágelú wa nígbà náà, mo mọ afárá tí igi rẹ̀ ti rà. Bí a bá dé abúlé kan, tí mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti inú ilé, ọwọ́ mi á lọ sí abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, màá yẹ píìnì wò. Ìyá Ajíkẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ní kí wọ́n wá. Wọ́n ní ọwọ́ tó gbẹ̀bí nínú oko ẹ̀gẹ́, kò yẹ kí ó wà nílé lásán.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, igi ni a fi ń ti ọkọ̀ sókè, èèyàn mẹ́rin á gbé e. Lẹ́yìn náà ni jáàkì elépo dé, ọmọdé kan lè fi gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Irin la fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú kó tó jí, ó sì ti ta ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ ni èèyàn ń yí. Sípánà kan tún dé tó ń dún kọ́ bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dún kọ́ sí ẹni tó mú un dání?" Mo lo gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. N kì í ṣe àgbà tó ń sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Jáàkì elépo dára ju èjìká mi lọ.

Nígbà tí mo gba òmìnira lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àpèjẹ. Ọ̀gá mi kàn bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dá ibi tèmi sílẹ̀ ní Lalupon, ní ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ọlá rẹ̀ ni mo fi fẹ́yàwó, tí mo fi rán àwọn ọmọ níwèé. Kò jẹ́ kí n lọ́lá bí àwọn oníkòkó, ṣùgbọ́n n kò sùn lébi. Bí ọ̀dọ́ kan nínú yín bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ yìí dára, màá ní ó dára, bí o bá lè fara da kí ẹlòmíràn tú iṣẹ́ rẹ palẹ̀, àti bí o bá lè jẹ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ṣì í. Bí o kò bá lè ṣe méjèèjì, lọ wá iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn kò sí nínú rẹ̀, bí o bá rí ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo kà sí owó iṣẹ́ mi gan-an. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dá ibi tèmi sílẹ̀ ni ìjọba gbé Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ sí Ìrókò. Apá wọn ti jiná tipẹ́, àwọn ló ń wa ọkọ̀ wọn, wọn kò sì tíì sọ fún mi pé àwọn ti foríjì mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n ní kí n wá gbé àwọn lọ. A di ẹrù sí ẹ̀yìn, a di bẹ́ẹ̀dì sórí rẹ̀. Àwọn obìnrin Lalupon sunkún, Ìyá Ajíkẹ́ súre. A gba Ìbàdàn kọjá, a kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti já sóko, n kò rí i kí Ìyá Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn ti àga nínú ọkọ̀ kankan rí; bí ẹlòmíràn bá ń wà wọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á máa wo ọ̀nà. Nígbà tí a kọjá Mọ́níyà, mo sọ̀rọ̀ kan sí wọn, wọn kò dáhùn. Mo yíjú wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wọ́n ti sùn lọ. Orí wọn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan wọn láìdi nǹkan kan mú.

Mo dín eré kù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé ẹ̀yìn wa, ó ń fọn fèrè. Mo na ọwọ́ síta, mo júwe fún un pé kí ó máa kọjá lọ.